Ariwo Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Dígí

Ẹni tó bá ń fi gíláàsì jẹun kì í fẹ́ràn ariwo. Ajá aládùúgbò lè gbó títí, kò kàn án. Ṣùgbọ́n kí nǹkan kan ṣàdédé dún lẹ́yìn rẹ̀ báyìí, àyà rẹ̀ á já, á sì yára wo ilẹ̀ bóyá iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ló ti fọ́ yángá yẹn. Bí ayé ọkùnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dígí ṣe rí nìyẹn. Ó ń gé gíláàsì fèrèsé, ó ń gé dígí ìwojú, ó ń gé èyí tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì, ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù aláwọ̀ eérú kan ló sì fi ń gbé wọn lọ fún àwọn oníbàárà.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Síbẹ̀, kò já Dígí kulẹ̀ rí, àfi ìgbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣàdédé lóhùn. Bó bá ti ń gun gegele tí wọ́n mọ sójú títì láti fi dín eré ọkọ̀ kù, á ké: kíìì! Bó bá sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì, á dá ara rẹ̀ lóhùn: gbò! Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é, Dígí rò pé gíláàsì fèrèsé tó kó sẹ́yìn ló ti lọ. Ó tẹ bíréèkì, ó fò bọ́ sílẹ̀, ó tú okùn, ó ṣí aṣọ, ó fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyá adìẹ tó ń ka ọmọ. Gbogbo wọn pé. Ó tún wọn dì, ó wakọ̀ dé gegele kejì, kíìì-gbò! Ó tún bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó fi máa dé ilé oníbàárà, obìnrin náà ti gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Ṣé ẹ̀ ń wakọ̀ yìí ni àbí ẹ̀ ń tì í?" ni ó bi í.

Dígí ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ mẹkáníìkì. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi agolo ṣe mọ́tò ni wọ́n ti jọ ń rìn. Ó-Ti-Tán ni wọ́n ń pè é, torí kò sí iṣẹ́ tó ṣe tí kò ní fi àkísà nu ọwọ́, kó nàró, kó wá ní, "Ó ti tán." Nígbà mìíràn, ó máa ń tán lóòótọ́.

Ó-Ti-Tán jókòó lé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fi ara mì í sókè-sódò, ó mirí. "Ṣọ́ọ̀kì ni," ni ó wí. "Ó ti kú." Wọ́n yọ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, wọ́n fi tuntun síbẹ̀. "Ó ti tán." Dígí dé gegele àkọ́kọ́, kíìì-gbò! Ó ṣẹ́rí padà. Ó-Ti-Tán wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ó fi gíríìsì ra gbogbo sípíríǹgì, àwọn irin pẹlẹbẹ gígùn tó gun orí ara wọn lábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé ẹrù ró, bí ẹni ń fi bọ́tà ra búrẹ́dì. "Wàyí o, ó ti tán." Ariwo náà sì lọ lóòótọ́. Àṣé ńṣe ló lọ bí àlejò tó lọ kó ẹrù rẹ̀ wá, torí nígbà tí eruku lẹ̀ mọ́ gíríìsì yẹn tán, kíìì di kíìììì, gbò sì di gbòò.

Àsìkò yìí gan-an ni ìyá ìyàwó Dígí ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ká má purọ́, ẹ̀rù ìyá yìí ń ba Dígí. Kì í ṣe pé ó burú. Agbẹ̀bí ni, ilé ìwòsàn ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ náà sì ti kọ́ ọ láti máa wo ènìyàn pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Bó bá ń wo Dígí báyìí, ọkùnrin tó máa ń bá oníbàárà ṣàwàdà látàárọ̀ ṣúlẹ̀ á kàn máa sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, mà," "rárá, mà," bí ọmọ ilé ìwé. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, "ẹ" ni ìyá fi ń bá a sọ̀rọ̀: ẹ káàárọ̀, ẹ jókòó, ẹ ṣeun. Ọ̀wọ̀ ni, Dígí sì mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ náà dà bí àga tuntun tí wọn kò tíì bọ́ ọ̀rá ara rẹ̀: ó dáa lójú, kò rọrùn ún jókòó lé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn máa pariwo mọ́ màmá mi o," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní yàrá iwájú.

"Ṣé èmi ni mò ń kọ́ ọ lórin ni?" Dígí fèsì, ó mú kọ́kọ́rọ́.

Ní ibùdókọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá, ó di báàgì rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì ronú ọgbọ́n kan: ó tan rédíò sókè gan-an. Ìyá nawọ́, ó pa á. Ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀. Ọgbọ́n kejì ni ikọ́. Bí wọ́n bá ti sún mọ́ gegele, Dígí á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, wuhu-wuhu, títí ẹ̀yìn ọkọ̀ á fi sọ̀ kalẹ̀. Ó wú ti àkọ́kọ́, ó wú ti èkejì. Ti ẹ̀kẹta gùn débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ìyá ń wo ojú títì ní tirẹ̀.

"Ọkọ ọmọ mi," ni ó wá wí, "ikọ́ yín àti ọkọ̀ yín máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èwo ló kó o ran èkejì?"

"Ọkọ̀ ni, mà," ni Dígí wí, kò sì wúkọ́ mọ́ títí wọ́n fi délé.

Bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá kan wà nílẹ̀. Obìnrin kan fẹ́ ṣí ilé ìṣerun tuntun, ó sì fẹ́ dígí kan ṣoṣo tí yóò gba ògiri kan tán, láìsí ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Dígí ti gé e, ó ti dán etí rẹ̀, ó fi í ti ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ó dára débi pé bí ènìyàn bá gba iwájú rẹ̀ kọjá, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kí ara rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n ń retí rẹ̀. Gegele tó sì wà lójú ọ̀nà ibẹ̀, ṣe ni wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí eyín. Nídìí oúnjẹ, ṣíbí Dígí ń lọ, ó ń bọ̀, kò gbé nǹkan kan dé ẹnu. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣàlàyé fún ìyá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ó-Ti-Tán dé pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́. Ìyá ti jókòó sórí àga oníke ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bá ọmọ rẹ̀ gán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù.

"A máa tú sípíríǹgì yìí palẹ̀ pátá ni," Ó-Ti-Tán wí, ó ń ká ṣòkòtò rẹ̀. "Ká wá òmíràn."

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ káàárọ̀ o," ni ìyá wí. "Ẹ má bínú sí mi. Kí lẹ bi ẹni tó ń wà á?"

"Kí ni mo bi í, mà?"

"Hẹn. Kí lẹ bi í?"

Ó-Ti-Tán wo Dígí, Dígí wo Ó-Ti-Tán. "Ó ní ó ń dún, mà," ni mẹkáníìkì wí. "Mo sì gbọ́ ọ pé ó ń dún."

Ìyá fi eyín gé òwú. "Bí obìnrin bá wọlé tó ní inú ń run òun, èmi kì í déédéé gbé ọ̀bẹ. Mo máa ń bèèrè ni. Ọkọ ọmọ mi, ìgbà tó bá gbẹ́rù ló ń dún ni, àbí ìgbà tó bá ṣófo?"

Dígí ronú. Ẹnu rẹ̀ tó máa ń gbẹ níwájú ìyá kò ráyè gbẹ lọ́tẹ̀ yìí, torí ìbéèrè náà ní ìdáhùn, òun nìkan ló sì mọ̀ ọ́n. "Ohùn méjì ni, mà. Kíìì yẹn, bó bá gbẹ́rù ló máa ń ké jù. Gbò yẹn ní tirẹ̀, ẹrù o, àìsẹ́rù o, bákan náà ni."

"Ẹ ṣeun. Ṣé ó ti dákẹ́ fúnra rẹ̀ rí?"

"Rárá, mà. Àfi..." Dígí fọwọ́ họ orí. "Àfi ọjọ́ tí òjò ńlá yẹn rọ̀. Gbò ń dún, ṣùgbọ́n kíìì kò ké rárá títí mo fi délé."

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Ó-Ti-Tán. "Òjò! Òjò pa á lẹ́nu mọ́, o ò sì sọ fún mi?"

"Ṣé o bi mí ni?"

"Rọ́bà ni! Bọ́ọ̀ṣì ni!" Mẹkáníìkì ti ń rìn yí ọkọ̀ ká. Ó ṣàlàyé fún ìyá pé níbi tí etí sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan ti so mọ́ ara ọkọ̀, rọ́bà kan wà tó yí bóòtù ká kí irin má baà máa jẹ irin. Bọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń pè é. Bó bá gbẹ, tó bá jẹ, á máa ké. Bí omi bá kàn án, á dákẹ́ fúngbà díẹ̀. "Ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ níbẹ̀, mà. Èwo ló ń ké nínú wọn?"

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ," ni ìyá wí.

Wọ́n bu omi ọṣẹ sínú ike tó ń fọ́n omi, Dígí sì fi òkúta di táyà kí ọkọ̀ má baà yí. Ó kù kí ẹnì kan máa mi ọkọ̀. Dígí tì í, kò mì tó. Ìyàwó rẹ̀ jáde pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Obìnrin tó lára dáadáa ni, inú rẹ̀ sì dùn sí ara rẹ̀. "Ẹ kúrò lọ́nà," ni ó wí. Ó bọ́ bàtà, ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Kíìì-gbò! Kíìì-gbò! Kíìì-gbò!

"Háà, kò sí irinṣẹ́ tó tó èyí ní ṣọ́ọ̀bù mi," Ó-Ti-Tán wí.

"Dojú kọ iṣẹ́ ẹ," ni ìyàwó fèsì látòkè, "kí n tó fò lé ọ lórí."

Ìyá ti wọlé. Nígbà tó jáde, ó mú ìwo igi kékeré kan lọ́wọ́, irú èyí tí àwọn agbẹ̀bí ń gbé lé ikùn aláboyún láti fi gbọ́ ọkàn ọmọ. Kò sí ibi tó ń lọ tí kì í mú un dání. Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti wọ abẹ́ ọkọ̀.

"Mà! Ilẹ̀ yẹn dọ̀tí o!" Dígí ké.

"Mo ti gbẹ̀bí níbi tó dọ̀tí ju báyìí lọ. Ẹ ní kí ìyàwó yín máa fò."

Ó gbé ìwo náà lé irin, ó fi etí sí i, ó dijú. "Apá ọ̀tún ni," ni ó wí, ó sì dá a lójú. Ó-Ti-Tán fọ́n omi sí bọ́ọ̀ṣì iwájú lápá ọ̀tún. Kíìì! Ó fọ́n sí ti ẹ̀yìn. Kíìì! Ó fọ́n sí èyí tó kù, kíìì, bí ẹni ń fi wọ́n ṣẹ̀sín.

"Mà," ni mẹkáníìkì wí jẹ́jẹ́, "irin máa ń gbé ohùn rìn. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún kó jáde síbí."

"Ó pa irọ́ fún mi nìyẹn," ni ìyá wí, kò sì bínú rárá. "Ẹ jẹ́ ká lọ sí òsì."

Ní òsì, wọ́n fọ́n omi sí ti iwájú, kíìì! Ti ẹ̀yìn ni irin pẹlẹbẹ kékeré kan so mọ́ ara ọkọ̀. Ó-Ti-Tán fọ́n omi síbẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ sókè. Gbò. Gbò. Gbò. Kíìì ti lọ.

"Ṣé kí n ṣì máa fò?" ni ohùn kan bèèrè látòkè, ó ń mí hẹlẹ.

"Máa fò!" ni gbogbo wọn ké pọ̀.

Ẹsẹ̀ ni ìyá fi ń wá ibi tó rọrùn lábẹ́ ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ló na ọwọ́ jáde, ó di ọwọ́ Dígí mú, ó fà á wọlé. "Wá. Fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ síbí. Má tẹ̀ ẹ́, ṣáà gbé e lé e. Ṣé ò ń gbọ́ ọ?"

Dígí dùbúlẹ̀ tì í. Lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, irin náà ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ bá balẹ̀, bí eyín tó fẹ́ ká. "Mò ń gbọ́ ọ, mà," ni ó wí. Ẹ̀yìn tó ti dáhùn tán ló tó yé e pé "ṣé ò ń gbọ́ ọ" ni ìyá wí, kì í ṣe "ṣé ẹ̀ ń gbọ́ ọ." Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, omi ọṣẹ ń kán sí i níwájú orí, ó ń rẹ́rìn-ín sí páìpù èéfín.

Wọ́n fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, wọ́n sì fi ìtì igi gbé e ró kó má baà já lé ẹnikẹ́ni. Bóòtù náà ti dípẹtà, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó-Ti-Tán bu epo sí i, ó bẹ̀ ẹ́, ó bú u, ó fi òòlù gbá a, ó wá pè é ní orúkọ kan tí kò yẹ kí àgbà gbọ́. Ìyá fi òmíràn tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un. Ìgbà yẹn ni bóòtù yọ. Rọ́bà tó wà níbẹ̀ ti jẹ tán lápá kan, kò ju ìdérí ìgò lọ. Dígí gbé e sọ́wọ́, ó ń yí i wò. Nǹkan kékeré báyìí ni kò jẹ́ kí òun jẹun!

Ó-Ti-Tán sáré lọ mú tuntun wá. Ó pààrọ̀ ti òsì, ó pààrọ̀ ti ọ̀tún náà, torí ó ní bí ọ̀kan bá ti gbó, ìkejì rẹ̀ kò jìnnà. Dígí mú sípánà, ó fẹ́ fi gbogbo agbára di bóòtù.

"Rọra! A kì í dì í pa lókè," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Jẹ́ kí táyà kanlẹ̀ kó gbé ìwúwo ara rẹ̀ ná. Bí o bá dì í pa báyìí, rọ́bà á lọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí á fi ya."

Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, Ó-Ti-Tán dì í, ó fi àkísà nu ọwọ́, ó nàró. "Ó ti..."

Ìyàwó fò. Gbò!

Ó-Ti-Tán tún mú sípánà rẹ̀.

"Ẹ dúró ná," ni obìnrin náà wí látòkè. "Gbò yìí kì í ṣe etí ni mo fi ń gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ ló ti ń gbá mi. Ibi tí mo dúró sí yìí gan-an ni." Ó fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀ ọkọ̀ náà. Gbò!

Ó-Ti-Tán padà sábẹ́ ọkọ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi ń jáde níbẹ̀. Táyà àfipamọ́ tí wọ́n so kọ́ sábẹ́ ọkọ̀ ni. Ṣéènì rẹ̀ ti dẹ̀, bí ọkọ̀ bá sì ti fò, táyà á gbéra, á fi orí gbá ilẹ̀ ọkọ̀ lókè. "Gbogbo ìgbà tí mò ń yọ ṣọ́ọ̀kì, iwájú rẹ̀ ni mò ń gbà kọjá!" ni ó ń wí. Ó fún ṣéènì náà le. Ìyàwó fò, kò sí nǹkan. Ó fò sí i, kò sí nǹkan. Ìyá ní kó sọ̀ kalẹ̀ kó lọ mumi.

Ní ọ̀sán, wọ́n gbé dígí náà sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Dígí ìwojú kì í dùbúlẹ̀ rìnrìn àjò, ìdúró ló ń lọ, nítorí náà wọ́n fi í ti igi tí wọ́n kàn fún un, wọ́n fi fóòmù sí ìdí rẹ̀, wọ́n dì í, wọ́n fi aṣọ bò ó. Aṣọ kò ká a tán. Ìyá ní òun máa bá Dígí lọ, ó sì wọ iwájú ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Wọ́n dé gegele àkọ́kọ́. Dígí rọra gùn ún, ó rọra sọ̀ kalẹ̀. Òun àti ìyá jọ tẹ́tí. Ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n gun èkejì, wọ́n gun ẹ̀kẹta, títí tí wọn kò fi kà wọ́n mọ́. Níbi tí iná ojú títì ti dá wọn dúró, ọkùnrin kan tó fẹ́ sọdá rí ara rẹ̀ níbi tí aṣọ kò bò, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó yẹ eyín rẹ̀ wò, ó gbàgbé pé òun fẹ́ sọdá. Ìyá rí i láti ojú fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ di ìhà mú. Lẹ́yìn náà ló wá ń sọ fún Dígí nípa ọmọ kan tó gbẹ̀bí rẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù, níbi tí awakọ̀ ti dákú ṣáájú aláboyún. Dígí rẹ́rìn-ín débi tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣìnà.

Dígí ìwojú náà wọlé láìfọ́ níbì kan. Nígbà tí wọ́n kàn án mọ́ ògiri tán, tí wọ́n nù ún, gbogbo yàrá náà di méjì. Ìyá dúró níwájú rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ tó ti rí ara rẹ̀ látòkè délẹ̀ báyìí. Ó fọwọ́ kan irun rẹ̀.

"Mo mà ti dàgbà o," ni ó wí.

"Dígí tuntun ni, mà," ni Dígí wí, ọ̀rọ̀ náà sì yọ lẹ́nu rẹ̀ kó tó ronú. "Kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń wo ènìyàn."

Ìyá yíjú padà, ó wò ó, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó gbá a léjìká. Oníṣọ́ọ̀bù náà gbọ́, ó fa àga kan jáde. "Ẹ wá jókòó, mà. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ oníbàárà mi àkọ́kọ́." Ìyá kò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Dígí jáde síta, ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. "A máa pẹ́ díẹ̀ o. Wọ́n ń ṣerun fún màmá."

"Irun kẹ̀? Kí lẹ̀yin wá ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń dúró dè wọ́n ni."

Ó ra ẹ̀pà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀, ó jókòó lé e, ó ń mi ẹsẹ̀. Láti ibẹ̀, ó ń rí ìyá nínú ilé tó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe nǹkan kan fún oníṣọ́ọ̀bù, tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bó ẹ̀pà ni ìyá fi kan fèrèsé, ó nawọ́ sí i.

"Má dá a jẹ o!" ni ó ké. "Gbé díẹ̀ wá."